Òwú Oníkókó Mẹ́tàdínlógún

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó ti pẹ́ẹ̀nì bọ tàdáwà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí lójú àwùjọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì bi mí léèrè ohun tí mo mu. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: obìnrin kan fẹ̀yìn ti ògiri lórí ẹní rẹ̀, ojú rẹ̀ là, etí rẹ̀ ń gbọ́ràn ju ti èmi àti ẹ̀yin lọ, ọkùnrin kan sì dúró síwájú rẹ̀, ó ń ka lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí i létí, ìbánikẹ́dùn ikú obìnrin yẹn gan-an. Èmi ni ọkùnrin náà. Ohùn mi sì lọ sókè dáadáa lọ́jọ́ yẹn, nítorí mi kì í ka lẹ́tà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn.

Tí ẹ bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, ẹ ní sùúrù kí n parí rẹ̀ ná. Orúkọ tó tọ́ sí mi nínú ọ̀rọ̀ yìí burú ju òpùrọ́ lọ.

Nígbà yẹn, wọn ò tíì kọ́ ilé ńlá kankan sórí òkè Mápó. Koríko ló wà níbẹ̀, àti àpáta, àti àwọn ewúrẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó ni wọ́n. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn, ó ti kó ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin wa lọ sókè ọya, àwọn ìyá tó kù sílé ò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà bá wọn sọ̀rọ̀ ju ìwé lọ. Ibẹ̀ ni oúnjẹ tèmi ti wá. Mo ti jáde ilé ìwé àwọn oníhìnrere, mo sì ti lo ọdún kan àti ààbọ̀ ní ọ́fíìsì òyìnbó kan, níbi tí mo ti ń da lẹ́tà kọ. Òyìnbó yẹn ní lẹ́ẹ̀dì pupa kan. Bí a bá gbé lẹ́tà síwájú rẹ̀, á fi lẹ́ẹ̀dì náà fa ilà gba orí ìdajì ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọjá, á sì gbé e padà fún wa. Ó ní kí èèyàn sọ ohun tó bá fẹ́, kí ó sì dákẹ́. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ nìyẹn kí wọ́n tó lé mi. Ìdí tí wọ́n fi lé mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní.

Mo gbé tábìlì mi sí Bẹẹrẹ, lábẹ́ igi odán kan, ní ẹ̀gbẹ́ onígbàjámọ̀ kan tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Òun ń fá orí, èmi ń fá lẹ́tà. Òun ló dá àwàdà yẹn, kì í ṣe èmi. Kí ọdún tó yí po, gbogbo ìlú ti mọ̀ pé akọ̀wé abẹ́ odán kì í kọ lẹ́tà gígùn. Mo gbà pé ọ̀làjú nìyẹn. Lẹ́tà mi ṣe é kà tán kí iná ìṣáná tó jó dé ọwọ́.

Ẹ ì bá sì rí bí àwọn ará ilé wa ṣe ń sọ lẹ́tà nígbà yẹn! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá kì í ju ìlà kan lọ: fi aṣọ òtútù ránṣẹ́, ìyàwó rẹ ti bímọ. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, a ó kí i. Bàbá àgbà kí ọ, ó ní orúnkún òun ti ń ká. Ìyá ẹ̀yìnkùlé kí ọ, ó ní ìwọ kọ́ lo gbé ìkòkò òun lọ́jọ́sí, òun ti rí i. Àbúrò bàbá rẹ kí ọ, aya rẹ̀ kí ọ, àna rẹ̀ tó wá kí wọn náà kí ọ. Oòrùn á ti yí, a ò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé.

"Ìyá," mo bi obìnrin kan lọ́jọ́ kan, "ewúrẹ́ yín ńkọ́? Ṣé òun ò ní kí i ni?"

Àwọn tó ń dúró de abẹ rẹ́rìn-ín. Ìyá náà rò ó wò.

"Òótọ́ lo sọ, akọ̀wé. Kọ ọ́ pé ó bí ìbejì."

Bí mo ṣe máa ń ṣe wọ́n nìyẹn. Ẹni tó bá ń kólòlò, mo máa ń bá a kólòlò. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ bá kọ̀wé pé òun ti fẹ́ ẹlòmíràn ní Zaria, mo máa ń ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo máa ń ní afẹ́fẹ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ti àkọ́kọ́. Wọ́n ń padà wá, nítorí akọ̀wé ò pọ̀ nílùú. Èmi rò pé wọ́n fẹ́ràn mi ni.

Tọkọtìyàwó àgbà kan wà ní Bẹyẹrúnkà. Ọkọ ń hun òfì, ọ̀rọ̀ ò wọ́pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó ń ran òwú, òun ló sì kó gbogbo ẹnu tí ọkọ ò ní. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló kù fún wọn láyé. Ó wà ní Kánò, ó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, ó sì di ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti fojú kàn án gbẹ̀yìn. Ọjọ́ tí ìyá yìí kọ́kọ́ dé ìdí tábìlì mi, kò tíì jókòó tó fi wo ṣòkòtò òyìnbó tí mo wọ̀, ó wò mí láti ìbàdí dé ilẹ̀.

"Akọ̀wé," ó ní, "ta ló yá ọ ní ẹsẹ̀ méjèèjì yìí? Dá a padà fún lékeléke kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó lè fò lọ sílé."

Onígbàjámọ̀ fẹ́ẹ̀ gé oníbàárà rẹ̀ létí nítorí ẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà, ẹlẹ́sẹ̀ lékeléke ni wọ́n ń pè mí láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba. Èmi tí mo ń fi gbogbo ìlú ṣe yẹ̀yẹ́, ara mi ò gba yẹ̀yẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo péré. Mo dì í sínú.

Oṣooṣù ni ìyá náà ń wá. Lẹ́tà rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni. Èébú ló fi ń bẹ̀rẹ̀: "Ọ̀lẹ, ṣé wọ́n so ọ́ mọ́ irin ojú ọ̀nà ni tí o ò fi mọ̀nà ilé mọ́?" Ìyẹn nìkan ni mi kì í gé nínú lẹ́tà rẹ̀, nítorí ó máa ń dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn èébú ni ìkíni yóò wá máa tò wọlé, èmi náà a sì máa kùn, a máa fò díẹ̀, a máa kọ díẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ àti ti bàbá kì í sọnù ṣá.

Nígbà tí òjò pọ̀ lọ́dún náà, àìsàn dé sí i. Àyà ló ń dùn ún. Ó dùn ún títí kò lè ti ojú ọ̀nà Bẹyẹrúnkà rìn dé Bẹẹrẹ mọ́, bàbá nìkan ló wá. Ó jókòó lórí àpótí, ó ṣí fìlà, ó yọ òwú kan jáde nínú rẹ̀. Òwú funfun ni. Ìyàwó rẹ̀ ló ran án nígbà tí ara ṣì le, òun náà ló ta kókó sí i lára lórí ẹní àìsàn, nítorí ó mọ̀ pé ọkọ òun ń gbàgbé. Kókó mẹ́tàdínlógún. Kókó kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹnìkan nínú agbo ilé tó ní kí wọ́n bá òun kí ọmọ náà. Funfun ni gbogbo wọn, àfi èyí tó kẹ́yìn tí ó rì bọ inú aró.

"Ti ìyá rẹ̀ nìyí," bàbá sọ, ó fi ìka kan kókó aláró náà. "Òun la tìtorí rẹ̀ wá. Ó ní kí ọmọ náà wá kí òun fọwọ́ kan orí rẹ̀ kí òun tó lọ. Ṣùgbọ́n má kọ ‘kí òun tó lọ’ o. Sọ pé àyà ń dùn ún díẹ̀."

"Ẹ má ṣèyọnu, bàbá."

Oòrùn mú. Èèyàn mẹ́fà ń dúró dè mí. Mo wo òwú yẹn, mo rí bí ọ̀sán mi yóò ṣe tú dànù sórí rẹ̀ ní kókó kọ̀ọ̀kan, mo sì rántí lékeléke. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo rántí lékeléke ju oòrùn lọ.

Bàbá mú kókó àkọ́kọ́. Mo ti pẹ́ẹ̀nì bọ inú tàdáwà, mo kọ ọ́: Gbogbo ilé kí ọ. Wá sílé kíákíá. Mo kọ orúkọ bàbá sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà parí. Mo fi ọwọ́ òsì bò ó, mo fa ìwé àlòkù kan mọ́ra, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi pẹ́ẹ̀nì gbígbẹ ha á.

"Bàbá àgbà kí i, ó ní kò tíì fi àga òun fún ẹnikẹ́ni."

"Ó ti wọlé."

Ó tú kókó náà. Ó mú òmíràn. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí i, ó ti ń ka Fátíhà láìwo wàláà."

"Ó ti wọlé."

Ìka ahunṣọ ni, kì í kánjú. Ó ń tú u, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ́ ibi tó tú kí ó lè tọ́, ó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹni náà gẹ́lẹ́ bí ẹni náà ṣe sọ ọ́, kódà ó ń yí ohùn padà fún àwọn ọmọdé. Pẹ́ẹ̀nì mi ń dún gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Nígbà tó dé ìdí kókó aláró, ó le, obìnrin náà ti fà á pinpin. Bàbá fi eyín tú u. Aró díẹ̀ kù sí i létè.

"Ó ní kí o kọ ọ́ báyìí gan-an: ‘Ọ̀lẹ, gbé orí rẹ wá kí n fọwọ́ kàn án.’"

"Ó ti wọlé, bàbá."

"Kà á fún mi kí n gbọ́."

Ọlọ́run fún mi ní ọpọlọ, ibi tí mo lò ó sí nìyí. Mo gbé ìwé àlòkù sókè, mo sì ka gbogbo mẹ́tàdínlógún fún un láti orí mi, tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, láìfo ẹyọ kan. Àgbàlagbà náà fi fìlà nu ojú. Ó ní Ọlọ́run á jẹ́ kí n pẹ́ láyé. Ó ká òwú tó ti tọ́ gbọnrangandan, ó tì í bọ fìlà, ó dìde lọ.

Onígbàjámọ̀ ò wo ojú mi nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Akọ̀wé, pẹ́ẹ̀nì rẹ ò mumi mọ́ láti ìgbà tí bàbá yẹn ti tú kókó àkọ́kọ́."

"Ìwọ máa fá orí tí o ń fá."

"Mò ń fá a. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi ẹ̀yìn abẹ fá orí èèyàn, ó kéré tán, yóò mọ̀ nígbà tó bá délé."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi lẹ́tà ránṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ti mọ ohun tí mo ṣe, àfi tí ẹ kì í bá ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Ikú kì í wọ inú lẹ́tà wa tààrà. A máa ń ní ara bàbá ò yá díẹ̀, kí ó sáré wá kí i, bàbá náà á sì ti lo oṣù kan nínú ilẹ̀. Nítorí náà ni ọmọ tó wà ní ìdálẹ̀ ṣe máa ń ka ìkíni ṣáájú ọ̀rọ̀: yóò wo ta ló kí òun, yóò wo ta ni kò kí òun. Ikú ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀ ni wọ́n ń fi pa mọ́. Èmi náà mọ èyí. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀dì pupa yẹn ti wọ̀ mí lórí, mo ń wo ìkíni bí ọ̀ṣọ́ lásán. Àwọn akọ̀wé ìwòyí tó ń wá bi mí ní bí a ṣe ń kọ lẹ́tà tó dára, wọ́n máa ń retí kí n sọ̀rọ̀ nípa bí gègé ṣe ń lọ. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ wá ẹni tí yóò gbọ́ lẹ́tà náà ná, kí wọ́n mọ ohun tí etí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ wá. Wọ́n máa ń rò pé ọjọ́ ogbó ti ń dé sí mi.

Ní Bẹyẹrúnkà, ìyá ní kí wọ́n pa ilẹ̀ yàrá. Ó ní kí wọ́n gbé àpótí kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹní òun, níbi tí ọwọ́ òun lè dé bí òun ò bá lè dìde. Lójoojúmọ́ ló ń bi wọ́n bóyá ọkọ̀ ojú irin ti wọlé. Kò jẹun tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò kú. Ó ní òun ò ráyè kú. Bàbá ń wá sí ìdí tábìlì mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

"Kò tíì sí?"

"Bàbá, Kánò kì í ṣe Òkè Bọ́lá."

Àwọn tó wà níbẹ̀ á rẹ́rìn-ín. Bàbá náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀ láti bá wọn ṣe é, á sì padà sílé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, èsì dé. Ọmọ ò dé, ìwé ló dé. Bàbá ní ìyá fẹ́ kí n wá kà á lójú gbogbo ilé, nítorí náà lẹ́yìn ìrun alásárì mo wọ bàtà mi, mo sì gba Bẹyẹrúnkà lọ.

Ibí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi kejì wà. Ó yẹ kí n já lẹ́tà náà lójú ọ̀nà, kí n dá kà á, kí n mọ ohun tí mò ń gbé wọ ilé onílé. Mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú àwọn èèyàn ni mo ti máa ń já a. Mo máa ń gbọn ìwé kí ó dún, mo máa ń hú ikọ́, mo máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bá mi nígbà tó bá ń bá wọn. Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa wo ẹnu mi.

Agbo ilé ti kún yàrá dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá ti rù, ọrùn rẹ̀ ti di okùn, ṣùgbọ́n bí mo ṣe yọ orí wọlé ló ti mú mi.

"Ẹlẹ́sẹ̀ lékeléke, o kú àbọ̀. Rọra máa tẹ ẹní mi o, kí o má baà gún un níhò."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ooru gùn mí lójú. Mo já lẹ́tà, mo gbọn ọ́n, mo gbé ohùn sókè.

"Bàbá mi, mo rí ìwé yín gbà. Ẹ ní kí n wá sílé kíákíá. Ẹ ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, gbogbo ilé kí mi lẹ kàn sọ. Mo ti dàgbà, bàbá. Kí ẹ má fi í pa mọ́ fún mi mọ́. Ìyá ti kú. Bí wọ́n bá wà láyé, wọn ò ní jẹ́ kí ìwé kúrò ní Ìbàdàn láìbú mi ní ìlà méjì."

Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ.

Ọmọdé kan ní ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n gbá a lẹ́nu. Bàbá ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ojú mi ti sáré ṣáájú lọ sí ìsàlẹ̀ ìwé, mo sì rí ohun tó wà níbẹ̀.

"Kà á lọ," ìyá sọ.

"Ìyá, kò sí nǹkan mọ́, ó kàn—"

"Mo ní kà á lọ. Mo fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe òkú mi."

Èmi tí mo ti gé lẹ́tà gbogbo ìlú, ìyẹn gan-an ni ọjọ́ tí ó yẹ kí n gé e. Mo lè dá tèmi sọ. Ṣebí mo sọ mẹ́tàdínlógún láti orí mi lọ́jọ́sí. Ẹ ó bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀ tí mi ò fi ṣe é. Mo ti rò ó fún ogún ọdún, ìdáhùn ò yí padà: ẹní tí mo lè gún níhò ṣì wà létí mi, inú mi sì dùn pé mo mú ohun kan dání tó lè pa ẹnu yẹn dé. Mo kà á. Mo kà á dáadáa.

"Kí Ọlọ́run forí jì wọ́n. Mo ti pa àgbò kan níbí, àwọn àlùfáà ti ṣe àdúrà. Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè sọ nígbà tí wọ́n wà láyé. Kì í ṣe iṣẹ́ ló gbé mi wá sí òkè ọya. Ẹnu ìyá ni mo sá fún. Wọ́n fi ẹnu yẹn lé ìyàwó tí mo kọ́kọ́ fẹ́, wọ́n fẹ́ẹ̀ fi lé ẹ̀yin náà. Mi ò láyọ̀ pé wọ́n kú, ṣùgbọ́n mo sùn lóru ọjọ́ tí ìwé yín dé ju bí mo ṣe ń sùn tẹ́lẹ̀ lọ. Ní báyìí, ilé ti ṣe é wá. Ẹ máa retí mi ní Iléyá."

Mo ká ìwé náà. Ẹnu tí mo fẹ́ pa dé ti dé. Ojú ìyá wà lórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀, èyí tó ní kí wọ́n gbé síbẹ̀ fún ọmọ láti jókòó.

"Òwú mi dà?" ó bi ọkọ rẹ̀.

Bàbá yọ ọ́ nínú fìlà. Ìyá gbà á, ó fi ìka méjì fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò kan kókó kankan.

"Ẹ̀yin lẹ tú gbogbo rẹ̀?"

"Èmi ni. Iwájú akọ̀wé ni mo ti ń tú u. Kọ̀ọ̀kan tí mo bá tú, á ní ó ti wọlé."

Ìgbà yẹn ló wá kọjú sí mi.

"Akọ̀wé, níbo ló wọlé sí?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ òmíràn lójú ẹsẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, pé ó wà láyé, pé kí ọmọ má retí Iléyá, kí ó máa bọ̀. Mo ti ń wá pẹ́ẹ̀nì nínú àpò.

"Kí o sọ fún un pé mo wà láyé?" Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé o fẹ́ kí ó má wá mọ́ ni? Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń pè é, kò dáhùn. Òkú pè é lẹ́ẹ̀kan, ó ti ń di ẹrù. Má kọ nǹkankan. Fi mí sílẹ̀ níbi tí o sin mí sí."

Nígbà tí mo dìde, tí mo sì ń wá bàtà mi, ó bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò ga rárá.

"Ẹ bá mi sọ ọ́ fún àwọn ará wa, àti àwọn ará ọjà. Akọ̀wé abẹ́ odán ò fẹ́ràn ìkíni púpọ̀, ó ń gbà á lásìkò. Kí wọ́n má dà á láàmú mọ́."

Mo rò pé àwàdà ni.

Ọmọ náà wá ní Iléyá bó ṣe sọ. Mi ò sí níbẹ̀, wọ́n sọ fún mi ni. Inú ilé la ti ń sin òkú nígbà yẹn, nítorí náà nígbà tó béèrè ibojì, wọ́n nawọ́ sí yàrá, bí ìyá ṣe kọ́ wọn. Ó wọlé pẹ̀lú ẹkún. Ìyá fẹ̀yìn ti ògiri níbẹ̀. Wọ́n ní ẹkún náà gé bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ gé e.

"Èyí tó kù lẹ́nu rẹ yẹn, fi pa mọ́," ó sọ fún un. "Ọ̀lẹ, gbé orí rẹ wá."

Ó gbé e wá. Ó fọwọ́ kàn án, ó fi ọwọ́ yí i ká bí ẹni tó ń wo ìkòkò bóyá ó sán. Ó wá mú ọwọ́ kúrò. "Ó tó. O lè máa padà lọ sí Kánò." Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ náà fi wà nílé, ó ń dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ọ̀rọ̀ mìíràn ò sì jáde fún un lẹ́nu tó lé e kúrò nílé. Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, obìnrin náà ti kú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó gbé lẹ́tà rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi.

Ṣùgbọ́n ó ku ohun kan tí mi ò tíì sọ, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo ti ka ìwé náà.

Mo tètè jí lọ sí Bẹẹrẹ. Onígbàjámọ̀ ti dé ṣáájú mi. Ó ti gbé àpótí rẹ̀ lọ sí òdìkejì igi odán, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo ní, "Ẹ kú àárọ̀ o." Ó ń pọ́n abẹ. Mo rò pé kò gbọ́, mo tún un sọ. Abẹ náà dún lára òkúta, ó dún padà. Òun ló sọ ti pẹ́ẹ̀nì gbígbẹ fún àwọn ará ilé ìyá náà, mo mọ̀ ọ́n láti ara ẹ̀yìn rẹ̀.

Àwọn obìnrin tó ń ru ẹrù lọ sí Ọjà'ba bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé tábìlì síbẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ wọn kì í jẹ́ kí n gbọ́ ara mi, mo sì ti ń fi ìyẹn náà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń kọjá. Wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi dé iwájú mi, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á kọjá tán, ọ̀rọ̀ á sì padà sí wọn lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó bú mi. Kò sẹ́ni tó wò mí níwòkuwò. Ìyá tí ewúrẹ́ rẹ̀ bí ìbejì kọjá. Mo dìde, mo kí i, mo béèrè ewúrẹ́. Ó ń wo òkè Mápó.

Oòrùn ti ń yọ nígbà tí mo rí ìyá tó bí mi. Iyọ̀ ló ń tà lọ́jà. Àràárọ̀ ló máa ń yà lọ́dọ̀ mi, á fi àkàrà méjì sórí tábìlì, á ní kí n má jẹ́ kí ọ̀rá ta sí ìwé àwọn èèyàn. Ara mi balẹ̀. Mo jáde lẹ́yìn tábìlì, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò òyìnbó mi.

"Ẹ kú àárọ̀, ìyá mi."

Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dúró. Mo gbọ́ tó sọ igbá iyọ̀ kalẹ̀, tó tún aṣọ rẹ̀ ró. Mo gbé ojú sókè díẹ̀. Ó ń wo tábìlì, ìgò tàdáwà, pẹ́ẹ̀nì, àpótí tí àwọn oníbàárà mi ń jókòó lé, bí ẹni tó ń wo ẹrù tí àlejò kan gbàgbé sábẹ́ igi. Ó gbé igbá rẹ̀ padà sórí, ó sì gba ọ̀nà Ọjà'ba lọ.

Èmi ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ẹni tí a bá dọ̀bálẹ̀ fún ló ń ní kí a dìde. Mo dojú bolẹ̀, mo ń dúró.